Obìnrin Tó Ń Ka Sẹ́ẹ̀lì Funfun

Ojú-Ò-Purọ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn èèyàn ló fún un lórúkọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi pe ara rẹ̀. Bí dókítà kan bá janpata pé èsì àyẹ̀wò kò bá ohun tí òun rí lára aláìsàn mu, obìnrin yìí á yọ awò ojú rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún, á ní, "Dókítà, ẹnu lè purọ́, ìwé lè purọ́, ojú ò purọ́. Ẹ wá wò ó." Dókítà á tẹ̀ ba lórí maikirosikóòpù, á wò ó, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń borí wọn báyẹn. Ẹni tó bá sì ti ń borí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ló fẹ́ mú un rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa jẹ̀bi?

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí nínú yàrá àyẹ̀wò, lórí àga gíga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa yí maikirosikóòpù, ọwọ́ òsì á wà lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka nǹkan, èyí tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà. Àwọn pupa ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Alábàárù lásán ni wọ́n, ó ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń rù kiri ara. Àwọn funfun lọ̀gá. Àwọn ni ọmọ ogun. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé síbi kan lára, àwọn ló máa sáré débẹ̀, wọ́n á gbé kòkòrò náà mì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì kú síbẹ̀. "Ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò yẹn, òkú wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí kì í sọ ọ́ fún, títí kan ọkùnrin tó wá tún fáànù ṣe, tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin kan wà nínú yàrá náà tí òun gan-an jà fún nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́: wọn ò gbọdọ̀ kọ orúkọ aláìsàn sára gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí kí wọ́n tó wò ó. Nọ́ńbà ni. Orúkọ wà nínú ìwé ńlá Akọ̀wé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mọ. Ojú-Ò-Purọ́ á ní, "Nọ́ńbà ò lẹ́bí, nọ́ńbà ò lọ́tàá." Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé èèyàn mọ̀ pé ti ará ilé òun ló dé, kó gbé e fún ẹlòmíì. Òfin dáadáa ni. Ó dára títí ó fi kan Kékeré.

Kékeré ni ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá kó o tó wọ bàtà tán. Àwọn mẹ́ta ló jọ ń gbé: Ojú-Ò-Purọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, àti Kékeré. Òkèèrè ni bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà yìí ló ń di irun ọmọ, òun ló ń gé èékánná rẹ̀, òun náà ló sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ náà gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀fìnkìn ló kọ́kọ́ mú un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ di etí ọ̀tún mú, ó ń ké, ara rẹ̀ gbóná janjan. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹkún dá wáí, ìrọ̀rí sì tutù rinrin: etí ti bẹ́, ọyún ti ń jáde. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi òwú orí igi gba ọyún náà, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Òfin ní kí ẹlòmíì wò ó. Ojú-Ò-Purọ́ ní, "Akọ̀wé, gbé e wá." Akọ̀wé wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e wá.

Bó ṣe délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní lẹ́yìn awọ fẹ́lẹ́ tó dí ihò etí, yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, afẹ́fẹ́ ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ti ibẹ̀ já sẹ́yìn imú. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọ̀nà yẹn, àwọn kòkòrò á rí ibi sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́nà kan ń gbé inú ara yàrá náà, àwọn ló máa kọ́kọ́ figbe ta, kí àwọn ọmọ ogun tó tú jáde látinú ẹ̀jẹ̀.

"Mo rí wọn!" ó ní, ó ń na ọwọ́ bí ẹni tó ti ojú ogun dé. "Wọ́n pọ̀ bí èèrùn. Mo rí ọ̀kan tó gbé kòkòrò mẹ́fà sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Ṣé wọ́n máa borí, mà?"

"Wọn ò ní ṣe kí wọ́n má borí. Ṣé o ò mọ ìyá àgbà wọn ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kékeré náà, tó sùn sórí àga pẹ̀lú òwú létí, rẹ́rìn-ín torí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ lo òògùn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ibà lọ, ìrora lọ, etí gbẹ. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ojú-Ò-Purọ́ ki òwú orí igi kan sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e wálé, ó fi nu inú etí ọmọ, ó wé e mọ́ bébà, ó sì gbé e padà lọ wò nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun. Kò gba nọ́ńbà, kò kọ ọ́ síwèé ẹnikẹ́ni. Gíláàsì mọ́ tónítóní. Kò sí kòkòrò, kò sí ọmọ ogun, kò sí nǹkan kan. Ó délé, ó ní, "Ó ti parí. Etí ọmọ yìí mọ́ ju tèmi lọ. Ohun tí kò bá sí lórí gíláàsì, kò sí." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Láti ìgbà yẹn ni Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó dáhùn. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáhùn. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò ní dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta ni á tó ní "Ẹ̀n?" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí ojú fèrèsé fi ń gbọ̀n. Òun náà ń sọ̀rọ̀ sókè, ìyá àgbà á sì ní, "Ta lò ń pariwo lé lórí? Ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Ọmọ tó dáa tẹ́lẹ̀ mà ni o! Ìwà wo ló lọ kọ́ nílé ìwé yìí? Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàròyé kiri, ó ń sọ fún aládùúgbò, ó ń sọ fún Akọ̀wé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé omi kaná, ó lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ké sí Kékeré pé kó pa iná. Ó ké sí i nígbà mẹ́rin. Ìgbà tó fi máa wọlé, omi ti gbẹ, ìdí ìkòkò ti dúdú, ọmọ sì jókòó síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí iná, ó ń ya àwòrán. Inú bí ìyá àgbà gidigidi. Ó lọ bá a, ó sì fa etí ọ̀tún rẹ̀, etí kan náà tó bẹ́ níjọ́sí, ó fà á títí ọmọ fi dìde nílẹ̀.

"Etí tó o fi ń gbọ́ràn dà?"

Ọmọ ò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ ò pè mí, Ìyá Àgbà."

"Háà! Ẹ wá gbọ́ o! Ó tún sọ mí di òpùrọ́!"

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni tíṣà Kékeré ránṣẹ́ sílé. Ìyá ọmọ ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ rán parí lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ló lọ. Tíṣà náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ẹfun ìkọ̀wé kún ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó fi àga fún màmá, òun dúró.

"Ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú, mà. Ọmọ yín yìí, ẹnu mi ló máa ń wò kó tó dáhùn. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó, kì í mọ ohun tí mo sọ. Mo wá ń rò ó pé, àbí etí ni?"

"Etí kẹ̀?" Ojú-Ò-Purọ́ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Etí yẹn, ojú mi yìí ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣe é. Ìwà ni. Wọ́n ti kẹ́ ẹ jù nílé. Ẹ mú un le koko. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dìde níwájú gbogbo wọn, kó tọrọ àforíjì. Ojú á tì í, á jáwọ́."

Ẹ gba ti tíṣà rò: ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kí ló fẹ́ bá ìyá arúgbó tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn jiyàn lé lórí? Ó ní, "Ó dáa, mà."

Bẹ́ẹ̀ ló fi jẹ́ pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ tí kò bá gbọ́ ìbéèrè, Kékeré á dìde, á lọ dúró níwájú pátákó, á kọjú sí ọmọ ogójì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ̀bi, mi ò ní ya aláìgbọ́ràn mọ́." Àwọn ọmọ kíláàsì sọ ọ́ di orúkọ. Aláìgbọ́ràn ni wọ́n ń pè é lágbàlá eré. Nígbà tó yá, kò bá wọn ṣeré mọ́. Nílé náà, ìbéèrè mẹ́wàá yẹn di ẹyọ kan, ó di òdo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Ìyá àgbà wá ń yangàn pé, "Ẹ ò rí i? Ó ti ń tún ìwà ṣe."

Ìyá ọmọ ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá dókítà etí."

"Lọ ṣe kí ni? Ṣé ojú tèmi ni o ò gbàgbọ́ mọ́?"

Aránṣọ tẹ orí ba, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ ló gbà.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Akọ̀wé gbé ìgò kékeré kan wá látọ̀dọ̀ dókítà etí, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì. Omi inú etí ọmọ kan ni. Dókítà ti fi òògùn mú kí awọ etí má mọ ìrora, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un, ó sì fa omi náà jáde látẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni mo tún ń pè é lómi sí? Kò ṣàn. Nígbà tí Ojú-Ò-Purọ́ fi igi kàn án, ó fà yọ̀ọ̀, ó ki bí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó fi aró kùn ún, ó fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá gbójú lé e.

Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Kò tẹ ẹ̀rọ ìkà rárá. Lẹ́yìn náà ló pariwo.

"Ẹ wá! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá burúkú!"

Àwọn méjì tó wà nídìí tábìlì kejì sún mọ́ ọn. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu wọn, torí wọ́n mọ̀ pé bí màmá bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, eré ti dé.

"Ẹ rí kòkòrò kankan níbẹ̀? Kò sí! Ogun ti parí tipẹ́. Òkú ọmọ ogun ló kù. Ẹ wo okùn wọ̀nyí. Bí kòkòrò bá pọ̀ jù fún wọn, ṣe ni wọ́n máa ń tú ohun inú ara wọn síta bí àwọ̀n, kí wọ́n lè fi há wọn mọ́. Àwọ̀n yẹn ló lọ́ mọ́ra wọn tó di àtè yìí. Ẹ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá wọ̀nyẹn, àwọn agbálẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń gbá, wọn ò gbá a tán. Ẹ wá gbọ́: yàrá tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, àtè ló kún ibẹ̀. Báwo ni awọ etí á ṣe mì? Ọmọ yìí ò gbọ́ràn! Ó kéré tán, ó ti lé lóṣù méjì tí kò gbọ́ràn! Ta ló ń bá a gbé? Ṣé afọ́jú ni? Ṣé adití ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé yẹn fún yín: wọ́n ń pe ọmọ, kò dáhùn, wọ́n ń nà án! Mo mọ irú wọn! Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń tún àwọn bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀ tò.

"Màmá," ó ní, "ẹ kọ èsì náà, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Kò ní lọ bẹ́ẹ̀! Ṣé wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà etí? Ka orúkọ wọn fún mi. Màá lọ bá ìyá náà níbẹ̀, màá wò ó lójú."

"Òfin yín ni, mà. Nọ́ńbà ò lẹ́bí."

"Lónìí, ó lẹ́bí! Ṣí ìwé yẹn."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó yí i kọjú sí i, ó sì fi ìka rọra tọ́ka sí ìlà náà láìkà á síta. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Orúkọ Kékeré ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ mú wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àdírẹ́sì ilé Ojú-Ò-Purọ́ ló tẹ̀lé e.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ṣì wà nínú yàrá náà, kò sí ẹni tó lè kó wọn. Ojú tì í. Kì í ṣe ìtìjú tí èèyàn lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Àwọn méjì tó ń rẹ́rìn-ín rí ojú rẹ̀, wọ́n wo inú ìwé náà, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Ilẹ̀ ò kúkú lanu kó gbé e mì.

Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sí ohun tó rí lónìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òwú orí igi tó fi nu etí ọmọ níjọ́sí, ihò ìta ló nù. Awọ etí ti san nígbà yẹn, ó ti padé, ó ti sé àtè mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbá, ó wá ń búra pé yàrá tí wọ́n tì pa mọ́ tónítóní. Ẹni tó wọ yàrá àyẹ̀wò lánàá kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn. Òun ṣe é, torí pé ohun tó fẹ́ rí ló lọ wò. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó dìde. Ó gbé gíláàsì náà lọ síwájú ẹni tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Bá mi kà á," ó ní. "Ẹbí mi ni." Ó jáde láìbọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ dókítà etí ò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ìkòkò tó jóná ló ń rò, kì í sì í ṣe ohun tó sọ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Pátákó ló ń rò. Ọmọ tó dúró níbẹ̀, tó ń bẹ ọmọ ogójì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Ta ló kọ́ tíṣà? Òun ni. Tíṣà tí ò mọ gíláàsì, tí ò mọ sẹ́ẹ̀lì, ó wo ọmọ lójú, ó ní etí ni. Òun tó mọ gbogbo rẹ̀ ló ní kí wọ́n dójú ti ọmọ.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró de dókítà kún fọ́fọ́. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lápá òsì, Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú létí ọ̀tún. Bí aránṣọ ṣe rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun, ẹ̀rù bà á, ó dìde fùú.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn ni mi ò fi sọ. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹ wo ayé! Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì.

Dókítà etí, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Kékeré, etí òsì náà kún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fi túùbù kéékèèké sí méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbọ́ràn padà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá. Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ wa báyìí, ṣe ló dà bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ta ló sọ fún yín pé etí yìí ti san?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ bo ìyá rẹ̀ láṣìírí, ìyẹn sì tún dá kún ìtìjú náà.

"Èmi ni," ìyá àgbà ní.

Dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wò ó, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó padà wọlé.

Nígbà náà ni Ojú-Ò-Purọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní kọ́lọ́fín, láàárín àwọn méjèèjì. Ó rọra ní, "Kékeré, dárí jì mí."

Ọmọ wo ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀n?"

Ó sún mọ́ ọn. "Mo ní kó o dárí jì mí. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Mi ò gbọ́, Ìyá Àgbà." Ẹ̀rù ti ń hàn lójú ọmọ. Ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ bo etí ọ̀tún rẹ̀.

Ìyá àgbà rí ọwọ́ náà. Ó wo ẹ̀yìn: obìnrin tó gbé ọmọ lẹ́yìn, bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn, nọ́ọ̀sì méjì tó mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́. Kò sí ọ̀nà míì. Ó nàró, ó gbé ohùn sókè, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"MO NÍ MO ṢẸ̀ Ọ́! ETÍ LÓ Ń ṢE Ọ́, MO NÍ ÌWÀ NI! MO FA ETÍ RẸ, MO SỌ FÚN TÍṢÀ PÉ KÓ DÓJÚ TÌ Ọ́! O Ò JẸ̀BI NǸKAN KAN! ÈMI NI MO JẸ̀BI!"

Ìwé ìròyìn wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi ń dà lójú ìyá àgbà, kò nù ún.

Kékeré mú ọwọ́ kúrò létí. Ó wá sọ̀rọ̀ sókè, bí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ báyẹn ní kíláàsì wa?"

"MÀÁ SỌ Ọ́!"

"Ibi pátákó ni kẹ́ ẹ dúró sí o. Kẹ́ ẹ kọjú sí wọn."

Aránṣọ fẹ́ dá ọmọ rẹ̀ lẹ́kun. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ dá a dúró. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, ilé ìwé ò tíì jáde.